Ẹni Tó Fi Aṣọ Ẹlòmíì Nuwọ́: Ìbéèrè Yín Lórí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Àwọn Júù

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú ojú ìwé yìí tó jáde lóṣù tó kọjá, ìlà 3 péré ni mo fi mẹ́nu ba rábì kan nínú ìwé ìtàn Amẹ́ríkà tó máa ń tú àṣírí apààyàn, ló bá di pé lẹ́tà ń wọlé, fóísì nóòtì ń wọlé, àfi bíi pé mo ní mo fẹ́ pín ìrẹsì ọdún. Ó dáa, òun náà la máa sọ lóṣù yìí látòkè délẹ̀. Mo ti gé ìbéèrè yín kúrú o, ẹ má bínú sí mi, ẹnì kan wà tí fóísì nóòtì ẹ̀ gba ìṣẹ́jú 11, ìṣẹ́jú 9 nínú ẹ̀ ló fi ń kí èmi àti ará ilé mi.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Mo ti pé ẹni ọdún 71, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Bíbélì ni wọ́n sì fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. Tí wọ́n bá ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láàárín àwọn Júù, Sólómọ́nì tó ní kí wọ́n fi idà la ọmọ sí méjì nìkan ni mo rántí. Ṣé wọ́n ní òmíì ni àbí ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ? (Ìyá àgbà, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa. Bíbélì tí wọ́n fi kọ́ yín, ti Àjàyí Crowther ni, ìwé Dáníẹ́lì inú ẹ̀ parí sí orí 12. Ẹ lọ yá Bíbélì lọ́wọ́ aládùúgbò yín tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ẹ máa rí i pé tiwọn dé orí 14, inú orí méjì tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Orí 13 ni ti Sùsánà. Obìnrin arẹwà ni, ìyàwó ilé ni, ó fẹ́ wẹ̀ nínú ọgbà ọkọ ẹ̀ ní Bábílónì, ni àgbààgbà méjì tí wọ́n jẹ́ adájọ́ bá yọ sí i, wọ́n ní kó gbà fún àwọn, tí ò bá gbà àwọn á ní àwọn ká a mọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan lábẹ́ igi. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n sì ṣe bí wọ́n ṣe wí, ìlú dájọ́ ikú fún un torí àgbà méjì ló jẹ́rìí, ta ló fẹ́ já àgbà méjì nírọ́? Agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Dáníẹ́lì tó jẹ́ ọmọdé láàárín wọn ló ní kí wọ́n ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kí ọ̀kan má gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ, ó wá bi oníkálukú wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo: abẹ́ igi wo lẹ ti rí wọn? Ọ̀kan dárúkọ igi kékeré kan tó máa ń sun oje, èkejì dárúkọ igi óákù ńlá. Ó tán.

Orí 14 tún wá dùn ju ìyẹn lọ, lójú tèmi o. Bel ni orúkọ òrìṣà wọn, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àgùntàn 40, ìyẹ̀fun òṣùwọ̀n 12 àti wáìnì òṣùwọ̀n 6 síwájú ẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ gbogbo ẹ̀ á ti tán, ọba wá ní ṣé Dáníẹ́lì ò rí i pé òrìṣà ń jẹun ni. Dáníẹ́lì kàn rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ó ní kí wọ́n gbé eérú wá, wọ́n fi asẹ́ kù ú sórí gbogbo ilẹ̀ tẹ́ńpìlì lójú ọba nìkan, wọ́n jáde, wọ́n tilẹ̀kùn, ọba fi òǹtẹ̀ ẹ̀ lù ú. Ilẹ̀ mọ́, òǹtẹ̀ ò yingin, oúnjẹ ti lọ, ọba bá figbe ta pé Bel o tóbi! Dáníẹ́lì di ọba mú kó má tíì wọlé, ó ní kábíyèsí, ẹ wolẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin, ẹsẹ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ ọmọ kéékèèké, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí eérú. Àlùfáà 70 àti ìyàwó wọn àti ọmọ wọn ló ń gba ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ abẹ́ tábìlì wọlé wá jẹun lóru. Yàrá tí wọ́n tì pa nìyẹn o mà, pẹ̀lú ipa ẹsẹ̀, ní nǹkan bí 2000 ọdún kí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn òyìnbó, tó mu páìpù. Òyìnbó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí nígbà tí Dorothy Sayers, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1928, ó kó ìtàn méjèèjì yìí sí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn Júù fúnra wọn ò gba orí méjì yẹn sínú Bíbélì Hébérù tiwọn.

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Òfin ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Lẹ́kíṣọ́rà wa ní nínú òfin àtijọ́ àwọn Júù, tí apààyàn bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́, ìjẹ́wọ́ yẹn ò wúlò. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń rí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀daràn ti ń jẹ́wọ́ ni gbogbo ẹ̀ ń parí sí? (Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Àbúrò, ìbéèrè ẹ yìí ló jẹ́ kí n fi gbogbo ojú ìwé yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́kíṣọ́rà yín ò parọ́. Nínú ẹjọ́ tó lè gba ẹ̀mí, ẹlẹ́rìí méjì tó fojú ara wọn rí i ni òfin wọn ń béèrè, wà á bá a nínú Diutarónómì 19. Kí ẹni tó ṣe é wá máa sunkún pé èmi ni, èmi ni, wọn ò ní gbà, wọ́n ní èèyàn ò lè fẹnu ara ẹ̀ sọ ara ẹ̀ di ẹni burúkú. Kí ọlọ́gbọ́n kan wá so ó pọ̀ pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, wọn ò gbà ìyẹn náà. Ẹlẹ́rìí méjì ọ̀hún gan-an á fojú winá, torí ìwé òfin wọn tí wọ́n ń pè ní Mishnah ka ìbéèrè 7 sílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi wọ́n: nínú ọ̀wọ́ ọdún méje-méje èwo ni, ọdún wo, oṣù wo, ọjọ́ kelòó oṣù, ọjọ́ wo láàárín ọ̀sẹ̀, wákàtí wo, níbo. Ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè sí i, àyè wà. Rábì kan tó ń jẹ́ Ben Zakkai béèrè lọ́jọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ní abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó ní ọrùn èso ọ̀pọ̀tọ́ yẹn, ibi tó ti so mọ́ igi, báwo ló ṣe rí? Ẹ rò ó wò, èèyàn wá jẹ́rìí ìpànìyàn, wọ́n ń bi í nípa ọrùn ọ̀pọ̀tọ́.

Ìtàn kan wà nínú Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì ti ṣàlàyé Mishnah, tí mi ò lè gbàgbé. Adájọ́ kan tó ń jẹ́ Shimon ben Shetach rí ọkùnrin kan tó ń lé ẹnì kejì wọ inú ahoro ilé kan, ó sáré tẹ̀lé wọn, nígbà tó máa débẹ̀ idà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń léni, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára idà, ẹni tí wọ́n lé ń jàpòrò nílẹ̀. Ó ní ìwọ ìkà yìí, ta ló pa ọkùnrin yìí? Bí ò bá ṣe èmi, ìwọ ni. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ ṣe, ẹ̀jẹ̀ ẹ ò sí lọ́wọ́ mi, ẹlẹ́rìí méjì ni Tórà, ìyẹn Òfin Mósè, sọ. Ó dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n ní wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ejò fi jáde tó sì bu apààyàn náà ṣán, ó kú.

Ṣó o rí i báyìí? Adájọ́ mọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò sì tó o, ejò ló bá a parí ẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn lónìí ò lè máa pe ejò ní gbogbo ìgbà, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà míì, ohun tí bàbá ńlá wọn sì fi sílẹ̀ fún wọn jù lọ ni ìbéèrè. Tó o bá ti ka bíi mẹ́wàá nínú àwọn ìtàn yìí wà á rí i pé ìbọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dún, eré sísá ò pọ̀, ẹnì kan á kàn jókòó, á béèrè ohun kan tó dà bí ìranù, gbogbo ilé á dákẹ́.

Ti owó yàtọ̀ ṣá o, kó o má lọ fèlì ìdánwò nítorí mi. Nínú ẹjọ́ owó, wọ́n ní kí ẹni tó jẹ gbèsè fẹnu ara ẹ̀ gbà dà bí ẹlẹ́rìí 100. Ibẹ̀ náà ni ìtàn tó kúrú jù tí mo fẹ́ràn jù wà, kò ju ìlà mélòó kan lọ nínú Talmud. Wọ́n jí ife fàdákà kan ní ilé àlejò. Rábì kan tó ń jẹ́ Mar Zutra wà níbẹ̀, kò yẹ àpò ẹnikẹ́ni wò, kò pariwo. Ó kàn ń wo àwọn èèyàn. Ó rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fọwọ́, tó wá fi aṣọ ẹlòmíì nuwọ́. Ó ní ẹni yìí ni, ẹni tí ò ka ohun ìní ẹnì kejì ẹ̀ sí nìyí. Wọ́n de ọmọ náà, ó jẹ́wọ́. Èmi ò sọ pé kí àwọn ọlọ́pàá wa máa ṣe bẹ́ẹ̀ o! Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn yẹn, tí mo bá lọ síbi ìnáwó, ọwọ́ àwọn èèyàn ni mo máa ń wò lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ̀kẹ́ta, kí n tó fi ẹ sílẹ̀. Ka Diutarónómì 21. Wọ́n bá òkú nínú pápá, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pa á. Àwọn àgbààgbà á jáde wá wọn ilẹ̀ láti ibi tí òkú wà dé ìlú tó bá sún mọ́ ọn jù, ìlú yẹn ló máa mú ẹgbọrọ màlúù wá, wọ́n á ṣẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́bàá odò, wọ́n á sì sọ pé ọwọ́ àwọn ò ta ẹ̀jẹ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn rábì wá jókòó, wọ́n ń jiyàn pé ibo lára òkú ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀: Eliezer ní ìdodo, Akiva ní imú, ẹnì kẹta ní ọrùn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á. Nígbà kejì mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Sà, rábì yìí, ṣé pásítọ̀ wọn ni? Kí ló wá da pásítọ̀ pọ̀ mọ́ ìwádìí ọlọ́pàá? (Díákónì, Ògbómọ̀ṣọ́)

Rábì kì í ṣe pásítọ̀ tán bẹ́ẹ̀ sà. Ọ̀mọ̀wé ni, ẹni tó ka òfin tó sì lè dájọ́ láàárín èèyàn méjì, ìwàásù lẹ́yìn ìyẹn ni. Ohun tí Harry Kemelman, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, fi gbé rábì tirẹ̀, David Small, kalẹ̀ nìyẹn, òun ni rábì tí mo mẹ́nu bà lóṣù tó kọjá. Ìlú kékeré kan tí ò sí lórí máàpù, Barnard's Crossing ní Massachusetts, ló fi í sí. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1964, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Edgar tí wọ́n ń fún àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ọmọ ìjọ méjì ń jà nítorí mọ́tò tí ọ̀kan yá lọ́wọ́ èkejì tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wá bàjẹ́, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, rábì pe àwọn méjèèjì jókòó, ó fi òfin Talmud tú ọ̀rọ̀ mọ́tò palẹ̀. Ojú ìwé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bá òkú ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínágọ́gù, wọ́n sì bá báàgì ẹ̀ nínú mọ́tò rábì fúnra ẹ̀. Ọgbọ́n tó fi dá ẹjọ́ mọ́tò náà ló máa fi yọ ara ẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀, ọmọ ìjọ Àgùdà, ló wá di ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Ẹ máa gbádùn ìgbìmọ̀ ìjọ sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ díákónì. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pàdé láti lé rábì lọ, wọ́n ní aṣọ ẹ̀ máa ń rún, wọ́n ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá olówó sọ̀rọ̀. Kemelman ti kọ́kọ́ kọ ìwé lórí kíkọ́ sínágọ́gù nìkan, kò sẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí olóòtú kan ní kó da apààyàn pọ̀ mọ́ ọn ni ọjà tà. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ló fi ń sọ ìwé lórúkọ, láti Friday dé Thursday, ọdún 14 ló fi yípo ọjọ́ méje, nígbà tí ọjọ́ tán ó tún wá orúkọ míì, títí tó fi kú ní 1996.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tó nípọn máa ń sú mi. Èwo ni ìtàn kúkúrú tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ ọdún 17, Ṣàgámù)

Ìyá Dave! Má wulẹ̀ jáfara, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. James Yaffe ló kọ ọ́, àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ jáde ní 1952, wọ́n kó wọn jọ sínú ìwé kan ní 1997. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Dave ní New York, gbogbo alẹ́ Friday òun àti Shirley ìyàwó ẹ̀ máa ń lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Bronx. Opó ni màmá yìí, kò kàwé púpọ̀, kò jáde nílé lọ wo òkú kankan rí. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ni Dave á máa ròyìn kéèsì tó ń dà á láàmú. Màmá á gbọ́ ọ dópin, á ní òun ní ìbéèrè kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìbéèrè ọ̀hún ò sì ní jọ mọ́ nǹkan kan, Shirley á máa rẹ́rìn-ín sábẹ́. Lẹ́yìn náà màmá á sọ ìtàn àbúrò ìyá ẹ̀ kan tàbí alápatà àdúgbò kan tó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó kó abọ́ kúrò nílẹ̀ apààyàn ti hàn.

Tó o bá ní ìyá Yorùbá nílé o ti mọ màmá yìí. Tèmi, ẹran bá dín nínú ìkòkò, kò ní bi wá pé ta ló jẹ ẹ́ o. Á kàn ní kí gbogbo wa wá jẹ ẹ̀bà, ẹni tó bá ní ebi ò tíì pa òun, ó ti rí i mú nìyẹn.

Inú màgàsíìnì kan náà ni Yaffe àti Kemelman ti bẹ̀rẹ̀, Ellery Queen's Mystery Magazine, tó ti wà láti 1941. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Ellery Queen láyé yìí. Ọmọ Júù méjì láti Brooklyn ni, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, 1905 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì: Daniel Nathan tó sọ ara ẹ̀ di Frederic Dannay, àti Emanuel Lepofsky tó di Manfred Lee. Ìgbà yẹn orúkọ Júù lẹ́yìn ìwé lè ṣàkóbá fún ọjà, wọ́n bá wọ agbádá orúkọ òyìnbó. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìtàn Kemelman ní 1947. Tíṣà ni Kemelman, ó rí gbólóhùn kan nípa rírin máìlì 9 nínú ìwé ìròyìn, ó fún kíláàsì ẹ̀ pé kí wọ́n fọgbọ́n fa ohun tó bá wà nínú ẹ̀ jáde, kíláàsì ò rí nǹkan kan fà. Òun ló wá ń fà á. Ọdún 14 ló fi ń fà á kí ìtàn tó jáde, gbogbo ìtàn náà ò sì tó ohun tí wà á kà tán kí iná tó dé.

Mo ń gbé ní Bow, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ìtàn ìpànìyàn àdúgbò wa kan wà tí Júù kọ. Ta ló pa ọkùnrin yẹn gan-an? Ẹ kàn sọ fún mi, mi ò ráyè kàwé. (Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, sístà. The Big Bow Mystery lorúkọ ìwé náà, Israel Zangwill ló kọ ọ́, ọmọ ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ Júù tó wá láti òkè òkun. Ìwé ìròyìn The Star ló ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1891, ọdún 3 péré lẹ́yìn tí Jack the Ripper, apààyàn tí wọn ò rí mú, ti da jìnnìjìnnì bo ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Onílé kan, Ìyáàfin Drabdump, lọ jí ayálégbé ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí kùrukùru bolẹ̀, ó kanlẹ̀kùn títí, kò dáhùn, ó sáré pe aládùúgbò tó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ipá já ilẹ̀kùn. Wọ́n bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti dú u. Ilẹ̀kùn tì látinú, fèrèsé tì látinú, kò sí abẹ nínú yàrá. Bí ìtàn ṣe ń lọ ni àwọn tó ń kà á ń kọ̀wé wá pé lágbájá ni, tàmẹ̀dù ni, Zangwill wá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn pé ẹni tí kò sẹ́ni tó fura sí nínú wọn lòun máa mú. Àwọn kan gbà á gbọ́.

Ẹni tó pa á? Mi ò ní sọ. Ẹ bínú, ẹ ké, mi ò ní sọ. Ìwé náà ò nípọn, ẹ kà á nínú bọ́ọ̀sì. Kẹ́ ẹ má retí Júù nínú ẹ̀ o, ìwé míì ló fi sọ ti àwọn èèyàn ẹ̀. Zangwill yìí náà ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1905 tó ń wá ilẹ̀ tí àwọn Júù lè tẹ̀dó sí, wọ́n wá a títí dé Àǹgólà.

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tá a wà ní ọmọdé, Atọ́ka la máa ń rà ká, a tún ń yá ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí lọ́wọ́ ara wa títí ẹ̀yìn ẹ̀ á fi ya, Lápàdé ni gbogbo wa fẹ́ jẹ́. Ṣé àwọn Júù ní irú ẹ̀ ní èdè tiwọn, àbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan? (Awakọ̀, Ìbàdàn)

Wọ́n ní in dáadáa. Fún àwọn ọmọdé tí ò mọ̀ ọ́n, Lápàdé ni ọlọ́pàá àtijọ́ inú Àjà Ló Lẹrù, ìwé 1969. Tiwọn ti wà ní bíi 60 ọdún ṣáájú ìyẹn, Max Spitzkopf ni wọ́n ń pè é, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Júù ní ìlú Vienna, èdè Yiddish, èdè àwọn Júù ìlà oòrùn Yúróòpù, ni wọ́n fi kọ ọ́. Jonas Kreppel ló kọ ọ́ ní bíi 1908, ìwé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, 15 ni, owó pọ́ọ́kú. Spitzkopf máa ń yìnbọn, ó máa ń pa aṣọ dà, kò jọ àwọn rábì tí mo ń sọ bọ̀ rárá, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá purọ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ Júù ní abúlé kan, pé wọ́n pa ọmọ Kristẹni láti lo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, òun ló ń dé. Isaac Bashevis Singer, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1978, wà lára àwọn ọmọ tó ń ka Spitzkopf. Kreppel fúnra ẹ̀, Buchenwald, àgọ́ ìfìyàjẹni ìjọba Hitler, ló kú sí ní 1940.

Ní Tel Aviv, ti Hébérù bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, èyí sì pa mí lẹ́rìn-ín, torí akọni inú ẹ̀, David Tidhar, èèyàn gidi ni. Ó ti ṣe ọlọ́pàá ní Jerúsálẹ́mù lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, Shlomo Ben-Israel wá ń kọ ìtàn àròsọ nípa ẹ̀ tòun ti orúkọ ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, Tidhar jókòó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn tó tẹ Ísírẹ́lì dó, ìwé 19! Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí, kò ní yé tọpinpin.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ Júù ló kọ ọ́? (Lẹ́tà tí ò lórúkọ)

Rárá. Jorge Luis Borges, ará Ajẹntínà, kì í ṣe Júù, ó kọ ọ̀kan ní 1942 tó mú mi lẹ́rù. Wọ́n pa rábì kan ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọlọ́pàá kan ní ọ̀rọ̀ ò le, olówó tó ní òkúta iyebíye ló wà ní yàrá tó dojú kọ tiẹ̀, olè ló ṣi yàrá wọ̀. Lönnrot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ní ìyẹn ò dùn tó, rábì ló kú, àfi kí àlàyé ẹ̀ jẹ mọ́ ti rábì, ó kó ìwé olóògbé lọ sílé lọ kà. Ẹ lọ wo ibi tí ìwé kíkà yẹn gbé e dé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ àkójọ ìtàn kúkúrú láti ọwọ́ onírúurú èèyàn, Lawrence Raphael kó méjì jọ, Mystery Midrash ní 1999 àti Criminal Kabbalah ní 2001, ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Jewish Noir ti 2015 dúdú ju ìyẹn lọ, ẹ má kà á lóru.

Ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ ni mí, mo sì ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Yorùbá sórí fóònù mi. Wàhálà mi ni pé tó bá ti di ojú ìwé kẹta, ọlọ́pàá mi á ti di Lápàdé. Ẹ bá mi wá orí ìtàn kan lọ́dọ̀ àwọn Júù yìí. (Aránṣọ, Ẹdẹ)

Yọ ọlọ́pàá kúrò níbẹ̀ pátápátá, àbúrò. Fi obìnrin síbẹ̀.

Nílé ẹjọ́ tiwa ní Nàìjíríà, tí ọkọ bá ti dàwátì fún ọdún 7 tí wọn ò gbúròó ẹ̀, wọ́n lè kà á sí òkú. Òfin Júù ò ní irú ẹ̀, ì báà ṣe 40 ọdún. Tí ò bá sí ẹ̀rí pé ọkọ ti kú, obìnrin náà wà níbi tó wà, agunah ni wọ́n ń pè é, bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Àwọn rábì kan náà tó ń béèrè ọrùn ọ̀pọ̀tọ́ yẹn ló wá rọ òfin ẹ̀rí sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan tó, obìnrin lè jẹ́rìí, ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì lè jẹ́rìí. Àmọ́ tó bá jẹ́ òkú ni wọ́n rí, ojú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú imú, àmì ara tàbí aṣọ ò tó. Lẹ́yìn ìkọlù 2001 ní New York, rábì ló jókòó ti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù àti àyẹ̀wò DNA, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa tú àwọn obìnrin kan sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìyẹn, wọn ò sì wá ẹni tí wọ́n máa mú.

Ìtàn méjì wà nínú Mishnah lórí ẹ̀, mú èyí tó bá wù ọ́. Níbì kan tó ń jẹ́ Tzalmon, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń ké pé èmi lágbájá ọmọ lágbájá, ejò ti bù mí ṣán, mò ń kú lọ. Wọ́n lọ bá a, wọn ò dá ojú ẹ̀ mọ̀, síbẹ̀ wọ́n gba ìyàwó lágbájá láyè láti fẹ́ ọkọ míì. Èkejì, ẹnì kan dúró lórí òkè, ó pariwo pé lágbájá, ọmọ lágbájá, ará ìlú báyìí, ti kú. Wọ́n gun òkè lọ, wọn ò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n tún gba ìyàwó ẹ̀ láyè.

Ta ló pariwo lórí òkè yẹn? Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, tó o bá kọ ọ́ tán fi ránṣẹ́ sí mi.